Raspberry Pi 400 fún kíláàsì kọ̀ǹpútà ní àdúgbò mẹ̀kúnnù: ibi tó dára dé, ibi tó kù sí

Ẹni tó bá fẹ́ dá kíláàsì kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní àdúgbò mẹ̀kúnnù, kí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ lè ríṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, yóò kọ́kọ́ ro ti iná àti ti ààyè. Raspberry Pi 400, kọ̀ǹpútà kékeré tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ṣe dáadáa níbi méjèèjì. Inú kíbọ́ọ̀dù gan-an ni wọ́n kó gbogbo kọ̀ǹpútà náà sí. RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí ìgbà díẹ̀ tó ń lò, jẹ́ 4 GB, kò sì ní fáànù tí eruku lè dí. Ṣájà rẹ̀ jẹ́ 5.1 V, 3 A, ìyẹn nǹkan bí 15 W. Mẹ́wàá pọ̀ kò tó 160 W. Àwọn mọ́nítọ̀ ló máa jẹ iná jù.

Ìdí iná yìí náà ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ki ṣájà fóònù tàbí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, tí iná tó ń dé inú rẹ̀ sì wálẹ̀ ju 4.63 V lọ, àmì mànàmáná kékeré á yọ lójú mọ́nítọ̀, ẹ̀rọ á sì máa falẹ̀. Ẹ tẹ vcgencmd get_throttled sínú terminal, ìyẹn ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ: 0x0 ló yẹ kó jáde. Tó bá jẹ́ 0x50000 lẹ rí, iná ti já wálẹ̀ rí láti ìgbà tí ẹ ti tan ẹ̀rọ náà. Ṣájà ni kí ẹ pààrọ̀.

Káàdì SD, tí gbogbo ètò ẹ̀rọ náà wà lórí rẹ̀, ló ṣẹlẹgẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sórí rẹ̀, fáìlì lè bàjẹ́ débi pé kò ní tan mọ́. Fún ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pín lò, ẹ ṣí sudo raspi-config, ẹ wọ Performance Options, kí ẹ tan Overlay File System. Láti ìgbà náà, RAM ni gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ń lọ, tí wọ́n bá sì ti pa ẹ̀rọ, ó ti lọ nìyẹn. Káàdì bọ́ lọ́wọ́ ewu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà bá a lọ. Nítorí náà, kí kálukú ní flash tirẹ̀, kí olùkọ́ sì sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kóòdù kan. Ẹ óò máa pa overlay yìí kí ẹ tó ṣe update, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, update náà ò ní dúró.

Ẹ má ṣe to káàdì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ to ẹyọ kan pé, kí ẹ fi SD Card Copier àti ẹ̀rọ USB tó ń ka káàdì da àwọn yòókù kọ, kí ẹ wá yí hostname (orúkọ ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kọ̀ọ̀kan padà.

Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wọ́n, ẹ fi Kolibri ti Learning Equality, ètò ẹ̀kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, sórí ẹ̀rọ kan. Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà ni kí ẹ ti kó ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn yòókù á ṣí i nínú bíráúsà Chromium pẹ̀lú àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà àti :8080. Ẹ lo wáyà Ethernet, torí Wi-Fi rẹ̀ kì í gba fídíò ogún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Pi 400 kò ní ihò etígbọ́ọ́, nítorí náà, níbi tí mọ́nítọ̀ ò bá ní spíkà, ẹ ra etígbọ́ọ́ USB. Àwọn pín GPIO ẹ̀yìn rẹ̀, tí a fi ń so àwọn ohun èlò iná kéékèèké mọ́ ọn, 3.3 V ni wọ́n ń gbà. Sígínàlì 5 V lè bà á jẹ́, bó bá sì bàjẹ́, kíbọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà ló lọ pọ̀.

Ṣé ó lè múni ríṣẹ́? Fún Python, Linux àti ìkànnì ṣíṣe, bẹ́ẹ̀ ni. Thonny, tí a fi ń kọ Python, wà nínú rẹ̀, sudo apt install code á sì gbé VS Code, tí a fi ń kọ kóòdù, wá. Chromium nìkan ló máa ń tètè jẹ 4 GB yẹn tán, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi RAM kún un. Fún iṣẹ́ àtúnṣe àti ìrànlọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, rárá. Ìdánwò méjèèjì CompTIA A+, ìwé ẹ̀rí fún iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà, ń béèrè nípa pípààrọ̀ RAM, díìsìkì àti páwà, pẹ̀lú Windows, bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí káàdì, kò sí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yọ nínú Pi 400. VirtualBox, tí a fi ń ṣí Windows nínú kọ̀ǹpútà míì láti fi dánra wò, kò sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Fún Pi mẹ́wàá, ẹ wá kọ̀ǹpútà x86 (irú tó ń lo Intel tàbí AMD) àtijọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí tábìlì kan, kí wọ́n máa tú u, kí wọ́n máa tò ó padà. Ẹni tó bá mọ èyí lè máa gba àtúnṣe ládùúgbò kí iṣẹ́ oṣù tó dé. Kíláàsì tí kò ní irú tábìlì bẹ́ẹ̀, tó ń ṣèlérí iṣẹ́ àtúnṣe fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀tàn ló ń tà.

Pi 500 ti jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2024, RAM tirẹ̀ jẹ́ 8 GB. Tí ìkànnì ṣíṣe bá jẹ́ olórí ẹ̀kọ́ yín, òun ni kí ẹ rà. Ṣájà rẹ̀ jẹ́ 27 W, ẹ tún ìṣirò iná ṣe.