Máàpù Òkè Eléérú: ìlà rẹ̀ dára, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló mẹ́hẹ

Máàpù ògiri kan wà tí àwọn olùkọ́ jọ́gíráfì ń rà lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní agbègbè Ọjà Ọba, Òṣogbo. Òkè Eléérú ni wọ́n pe ilẹ̀ inú rẹ̀, ilẹ̀ olókè ayọnáyèéfín tí kò sí níbì kankan láyé. Ó dára bẹ́ẹ̀: ọmọ tí kò bá mọ máàpù kà kò ní rí ohun tó há sórí kọ sílẹ̀.

Iṣẹ́ ìlà rẹ̀ wúni lórí. Mítà 20 ló wà láàárín kọ́ńtọ̀ (ìlà tó so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀) kan sí èkejì. Ìlà sún mọ́ra lókè, ó fẹ̀ síra nísàlẹ̀, bó ṣe yẹ òkè tí eérú àti òkúta yíyọ́ gbé dìde. Kọ́ńtọ̀ tó yí ihò orí òkè ká ní ìlà wẹ́wẹ́ bí eyín tó kọjú sínú, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní ṣóńṣó. Àfi odò apá òsì: V tí kọ́ńtọ̀ ń ṣe níbi tó ti dábùú odò gbọ́dọ̀ kọjú sí orísun, ìsàlẹ̀ ni eléyìí kọjú sí. Odò wá ń ṣàn lórí ilẹ̀ tó yọ sókè dípò inú àfonífojì! Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:50,000, sẹ̀ǹtímítà 2 dúró fún kìlómítà 1. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní ìdajì gígùn àti ìbú rẹ̀ nítorí owó, 1:100,000 ló dà, nọ́ńbà 1:50,000 á sì máa parọ́ lórí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ìlà ìwọ̀n tó wà nísàlẹ̀ tó, torí òun náà ń súnkì pẹ̀lú máàpù.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù kò ṣe é gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ òkun ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, bíi tiwa ní Òṣogbo, síbẹ̀ ó fi òjò ńlá sí ẹ̀yìn òkè. Iwájú tó kọjú sí òkun ni òjò ń rọ̀ sí: Debundscha, lẹ́sẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù, ń gba nǹkan bíi mìlímítà 10,000 lọ́dún. Ó tún ní iná lé àwọn ará ibẹ̀ lọ títí láé. Òkè Kamẹrúùnù tu iná ní 1999 àti 2000, àwọn èèyàn ṣì ń dáko lẹ́sẹ̀ rẹ̀, torí ilẹ̀ eérú tó ti pẹ́ lọ́ràá. Èyí tó burú jù ni ìlú ọjà tó wà ní àfonífojì lábẹ́ adágún orí òkè, láìsí àmì ewu kankan. Ní August 1986, gáàsì carbon dioxide tú jáde nínú Adágún Nyos, irú adágún bẹ́ẹ̀ ní Kamẹrúùnù, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì ṣàn gba àfonífojì. Èèyàn tó lé ní 1,700 kú.

Ẹ má gba fléẹ̀sì tó ń dán, ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì kò ní rí kọ́ńtọ̀. Kíká bí ẹní ni kẹ́ ẹ ká a, torí ibi tó bá ṣẹ́ ni yíǹkì á ti kọ́kọ́ bó.