Wọ́n ta subwoofer fún mi nítorí wáyà méjì tí àwọn fúnra wọn fi òjé jó sódì

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ọmọṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó ń tún ẹ̀rọ orin ṣe tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọmọkùnrin kan tí mi ò rò pé ó tíì pé ogún ọdún, gun àga ní pálọ̀ bàbá mi, ó gbé aago ògiri sọ̀kalẹ̀, ó yọ bátìrì kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi bátìrì yẹn tú àṣírí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ò rí láti oṣù mẹ́ta. Inú mi dùn débi pé mo gbá a mọ́ra. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí bí mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí.

Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àpàlà ni wọ́n fi ń jí, àpàlà ni wọ́n fi ń sùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn: amplifier kan (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè), sípíkà onígi méjì, wúfà ìǹṣì 8 (ojú sípíkà tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde) nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú oṣù kẹta ọdún yìí, fóòmù etí wúfà ọwọ́ ọ̀tún jẹrà, ó ń rún sílẹ̀ bí èkuru. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù yìí ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Wọ́n pààrọ̀ fóòmù náà, wọ́n gba ₦12,000. Ká sòótọ́, iṣẹ́ náà mọ́, ẹ ò lè rí ibi tí gọ́ọ̀mù ti kọjá àyè rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo gbé sípíkà padà sílé, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú.

Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá mi ti ń ráhùn. "Orin yìí ò lẹ́sẹ̀ mọ́," ni wọ́n ń wí. Èmi ń gbọ́ ohùn olórin ketekete, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún, ìlù ń sọ̀rọ̀, mi ò mọ ohun tó kù. Mo rò pé àgbà ló ń bá etí wọn jà, ó sì ń dùn mí títí dòní pé mo rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ni wọ́n ní kí n gbàgbé gbogbo nǹkan yòókù, kí n wá agídìgbo nínú orin náà. Ẹni tó mọ àpàlà mọ̀ pé agídìgbo ló di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fi ìka ta, ṣùgbọ́n inú ikùn àpótí ni ohùn ti ń jáde. Mo fetí sí odidi ojú àwo kan. Ìró irin nìkan ni mo gbọ́, kín, kín, bí ẹni ń fi èékánná ta ife. Ikùn àpótí ò sí níbẹ̀ rárá. Bàbá mi wò mí, wọ́n ní, "Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo. Èyí tá ò gbọ́, ta ló fẹ́ jó o?"

Mo pe ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kejì gan-an ni ọ̀gá wọn wá, mi ò ní fi ìyẹn dù ú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí bàbá mi, ó pè mí ní Mọ́mì, ó gbá sípíkà lórí bí ẹni gbá ìbàdí ọmọ, ó ní, "Mọ́mì, iná yín ló kéré." Mo tan jẹnẹrétọ̀. Bákan náà ló rí. Ó wá ní sípíkà ti darúgbó, irú wọn ò lè gbé béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, mọ́, subwoofer la nílò, sípíkà tó jẹ́ pé béèsì nìkan ló ń gbé jáde. Kò tú wáyà kan. Kò tú nọ́ọ̀tì kan. Kò bi bàbá mi ní ìbéèrè kankan, bẹ́ẹ̀ bàbá mi jókòó síwájú rẹ̀. ₦165,000 fún subwoofer, ₦10,000 fún iṣẹ́ ọwọ́. Orí ìdúró ni mo ti fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù.

Ó gbé e sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó yí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dópin. Gíláàsì fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Béèsì pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohùn kan ṣoṣo ni: gùm, gùm, gùm. Kí agídìgbo lọ sókè, kó wá sílẹ̀, gùm náà ni. Aládùúgbò wa wá kan ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá mi gbé àga wọn lọ sí ìta, wọn ò gbọ́ orin mọ́. Ìyẹn ló dùn mí ju owó lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní kí n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún oṣù kan kí ara rẹ̀ lè rọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, kò gbójú kúrò lórí fóònù tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀: "Mọ́mì, ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀rọ yẹn dáa ju tiyín lọ." Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Ọmọ tó ń jó wáyà ní kọ̀rọ̀ ló rọra gbórí sókè, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bá wọn lọ wò ó ní Sátidé."

Ó dé ní Sátidé, kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá mi, ó béèrè pé, "Bàbá, ìgbà wo gan-an ni béèsì yẹn lọ?"

"Ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀kan dé láti ọ̀dọ̀ yín ni."

Oṣù mẹ́ta ni ìdáhùn yẹn ti wà lẹ́nu wọn.

Ọmọ náà dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó tú wáyà sípíkà méjèèjì kúrò lẹ́yìn amplifier, ó ṣí aṣọ iwájú wọn. Ìgbà yẹn ló yọ bátìrì aago, bátìrì kékeré oní-1.5V. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n tẹjú mọ́ ojú wúfà. Ó fi wáyà pupa ti apá òsì kan orí bátìrì, dúdú kan ìdí rẹ̀, ó sì yọ ọ́ kíá. Tọ̀! Ojú wúfà fò síta, sọ́dọ̀ mi. Ó ṣe ti ọ̀tún, bátìrì kan náà, àwọ̀ wáyà kan náà. Tọ̀! Èyí wọlé. Ó fà sínú bí ikùn ẹni tó mí kanlẹ̀. Mo ní kó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é fún mi: ti òsì ń jáde, ti ọ̀tún ń wọlé.

Ó tú wúfà ọ̀tún. Wáyà tó yẹ kó wà lápá pọ́sítíìfù, apá nẹ́gétíìfù ni wọ́n jó o mọ́; èkejì náà lọ sódì. Òjé tó wà lójú ibẹ̀ ṣì ń dán, kò sí eruku lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí sípíkà yẹn lẹ́yìn wọn. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní, "Ọwọ́ wa ni, Mọ́mì. Ẹ má bínú."

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rèé. Afẹ́fẹ́ ni sípíkà ń tì. Tí ọ̀kan bá ń tì tí èkejì ń fà ní àsìkò kan náà, wọ́n dà bí ẹni méjì tó di ilẹ̀kùn kan mú, tẹ́nì kan fẹ́ ṣí i, tẹ́nì kejì fẹ́ tì í. Béèsì ló ń fojú winá rẹ̀ jù, torí ìgbì rẹ̀ gùn. Ìró tó ń gbọ̀n nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì rẹ̀ gùn tó bíi mítà 7, bẹ́ẹ̀ pálọ̀ wa ò ju mítà 4.3 lọ. Ọ̀pọ̀ ibi tẹ́ ẹ bá jókòó sí níbẹ̀, ọ̀kan á máa pa èkejì. Ti ìró òkè bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kúrú, ó lè má ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ, ibi tó bá pa ara rẹ̀ kì í fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo orin fi mọ́ létí mi tó sì jẹ́ pé ìsàlẹ̀ nìkan ló sọnù.

Ó jó wáyà náà bó ṣe yẹ, ó pa subwoofer pátápátá, ó fi àwo bàbá mi sí i. Agídìgbo dé. Ohùn àpótí, ohùn igi, ó ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ lè kà á níkọ̀ọ̀kan. Bàbá mi ò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ní, "Ẹ pe ìyá yín wá." Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná tòun ti èlùbọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ojú àwo náà fi tán.

Ibẹ̀ ni ìbínú ti bá mi. ₦187,000 ni gbogbo owó tí mo ti san, àṣìṣe tiwọn ni mo sì ń sanwó rẹ̀! Mo pe ọ̀gá lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo gbé fóònù fún ọmọṣẹ́ rẹ̀, ọmọ náà ò sì parọ́ fún un. Nírọ̀lẹ́ ó dá ₦22,000 padà, ti fóòmù àti ti iṣẹ́ ọwọ́. Ó ní ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà. Kò bẹ̀ mí. Mo ṣì ń bínú sí i bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò lọ. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí subwoofer ti wà nílé, kóun fi í síbi tó yẹ. Ó gbé e lé orí àga bàbá mi gan-an, ó fi orin sí i, ó ní kí èmi máa bẹ̀rẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí n máa fetí sílẹ̀, pé ibi tó bá ti dún dáadáa létí mi lòun máa gbé e sí. Nígun pálọ̀, ó wúwo jù. Láàárín gbùngbùn ògiri, béèsì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Nítòsí fèrèsé kejì, ó kún, ó sì mọ́. Ibẹ̀ ló gbé e lọ. Àárín gbùngbùn pálọ̀ ni àga bàbá mi máa ń wà, béèsì sì máa ń pòórá níbẹ̀, la bá fà á sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ó yí bọ́tìnnì tó ń pín ohùn sí 80, ìyẹn ìró tó ń gbọ̀n nígbà 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí subwoofer má bàa bá sípíkà du ohùn ọkùnrin, ó sì ń yí bọ́tìnnì kejì, èyí tó ń mú kí subwoofer máa tì lásìkò kan náà pẹ̀lú sípíkà, láti 0 sí 180, ó ní kí bàbá mi yàn. Wọ́n ní, "Ibẹ̀ yẹn! Má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ní báyìí, mi ò ní gbé subwoofer yẹn padà, bí wọ́n tiẹ̀ ní kí n gbé e wá. Aago márùn-ún ìdájí ni bàbá mi ń gbọ́ àpàlà, wọ́n sì máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó má jí aráalé. Tí ohùn bá ti kéré báyẹn, béèsì ni etí wa kọ́kọ́ ń pàdánù. Sípíkà méjèèjì nìkan ò gbé e tó lásìkò yẹn. Subwoofer ló ń dí àlàfo náà. Ó wúlò. Àmọ́ irọ́ ni wọ́n fi tà á fún mi, ìyẹn ò sì yí padà.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ sókè ò jọ 4. Kí ọmọ yẹn tó lọ, ó dá bátìrì padà sínú aago, ó wo àsìkò lára fóònù rẹ̀, ó yí ọwọ́ aago síbi tó yẹ kó wà, ó gbé e kọ́, ó sì fi etí ẹ̀wù ara rẹ̀ nu ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dọ̀tí ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n, ẹ ní òun ni kí wọ́n rán wá.