Ìbẹ̀wò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre lásìkò Òlíḿpíìkì ọdún 2024

Nígbà tí mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre sí ọ̀sẹ̀ kejì ìdíje Òlíḿpíìkì tí ó wáyé ní Paris, gbogbo ẹni tí ó gbọ́ ni ó kìlọ̀ fún mi pé n kò ní rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni mo bá. Ìlà tí ó wà níwájú pírámíìdì onígíláàsì náà kúrú gan-an, mo sì pẹ́ níwájú àwòrán Mona Lisa láìsí ẹni tí ó ń tì mí lẹ́yìn, nínú yàrá tí èrò máa ń há gádígádí.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí ó náwó gọbọi sórí ìwé ìwọlé pápá, eré ìdárayá ni ó wá wò, pápá ni yóò sì lo ọjọ́ rẹ̀ sí. Arìnrìn-àjò afẹ́ tí ì bá wá nítorí àwòrán ti gbọ́ pé owó ilé ìtura yóò gbẹ́nu sókè, ó sì ti sún ìrìn àjò tirẹ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ibi ìgbafẹ́ àárín ìlú London ṣe ráhùn lọ́dún 2012 tí Òlíḿpíìkì wáyé níbẹ̀. Ní ti Louvre, èrò mílíọ̀nù 8.7 ni ó wọ ibẹ̀ ní gbogbo ọdún 2024, nígbà tí ti 2023 jẹ́ mílíọ̀nù 8.9.

Ọ̀nà ibẹ̀ ni kò rọrùn. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ fò láti yúrò 2.15 sí yúrò 4. Ẹni tí ó dé ṣáájú ayẹyẹ ìṣíde ọjọ́ 26 oṣù Keje ni ó jìyà jù, nítorí pé wọ́n ti fi irin dí etí odò Seine, níbi tí ayẹyẹ náà ti wáyé, fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò sì lè kọjá. Louvre pàápàá ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ méjì.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni ọgbà Tuileries tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, níbi tí wọ́n so ìkòkò iná Òlíḿpíìkì mọ́ bàlúùnù ńlá tí ó máa ń gbéra nígbà náà bí oòrùn bá wọ̀. Èrò rọ́ lọ síbẹ̀ bí omi, ọ̀pọ̀ wọn sì gba ẹ̀gbẹ́ Louvre kọjá láìwọlé, torí pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ilé náà máa ń tì lọ́pọ̀ ọjọ́. Ó dùn mí fún wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí méjèèjì lọ́jọ́ kan nígbà náà, àárọ̀ ni ì bá ti wọ Louvre.