Àwo Blade Runner ti Vangelis: ẹ paná kẹ́ ẹ tó gbé e sí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn fíìmù ọjọ́ iwájú, ẹ wá gbọ́ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí àwo yìí ò tíì kúrò lórí ẹ̀rọ mi. Ọdún 1982 ni fíìmù Blade Runner jáde, àmọ́ àwo tí Vangelis, olórin ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì tó ṣe orin inú ẹ̀, fúnra ẹ̀ ṣe ò bọ́ sígboro àfi lọ́dún 1994, ọdún méjìlá gbáko, ẹgbẹ́ olórin míì ni wọ́n ní kó tún orin náà lù tí wọ́n wá ń tà fáwọn èèyàn, bẹ́ẹ̀ ti bàbá yẹn gangan làwọn èèyàn ń wá.

Kíbọ́ọ̀dù kan tó ń jẹ́ Yamaha CS-80 ló ṣe bẹbẹ jù níbẹ̀. Ó wúwo ju 80 kílò lọ, ẹnì kan ò lè dá a gbé. Tẹ́ ẹ bá tẹ kíì ẹ̀ kan, tẹ́ ẹ tún wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i, ohùn yẹn á le, á máa gbọ̀n, tẹ́ ẹ bá wá fi ìka wọ́ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lókè àwọn kíì yẹn, ohùn á yọ̀ wálẹ̀ bí ìgbà tí onídùndún bá dẹwọ́ lára ìlù ẹ̀. Ẹ gbọ́ Blade Runner Blues, ó fẹ́ẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ohùn kan ṣoṣo ló ń rìn gbéregbère nínú ẹ̀ bí ẹni tí òjò ká mọ́ títì lóru tí ò rílé lọ.

Èmi gbà pé ọmọ ìyá ni fíìmù sci-fi, ìyẹn fíìmù ọjọ́ iwájú, àti orin ẹ̀rọ. Láti 1956 ni tọkọtaya kan, Louis àti Bebe Barron, ti ń so wáyà pọ̀ fún fíìmù Forbidden Planet, àwọn wáyà yẹn á ké, á sunkún, á dẹ̀ jóná dànù, síbẹ̀ àwọn tó ni fíìmù yẹn ò gbà kí wọ́n pè é ní orin nínú ẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin Kraftwerk nílẹ̀ Jámánì fi orúkọ Metropolis, fíìmù tí Fritz Lang ṣe ní 1927, sọ orin wọn kan ní 1978, nígbà tó wá di 2000, Jeff Mills, ọmọ dúdú Detroit, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò, fi techno, orin ẹ̀rọ oníjó, ṣe orin tuntun fún fíìmù yẹn kan náà.

Ohun tí mi ò fẹ́ nínú àwo yìí ni pé wọ́n da ọ̀rọ̀ inú fíìmù mọ́ àwọn orin kan, èèyàn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí ti àkọ́kọ́. Àmọ́ Tears in Rain tó kẹ́yìn, ohùn Rutger Hauer, òṣèré inú fíìmù yẹn, yẹ ẹ́ gan-an ni. Memories of Green ló ń bọ́ omi lójú mi, dùùrù tó ń dún bíi pé ó ti gbó, tí nǹkan kan wá ń dún píìn píìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bíi géèmù ọmọdé.

Ẹ rà á. Kẹ́ ẹ dẹ̀ fi íapíìsì gidi gbọ́ ọ, tórí àwọn nǹkan kéékèèké wà lábẹ́lẹ̀ níbẹ̀ tí sípíkà fóònù ò lè gbé jáde.