Làpálàpá: ìpara ni àbí oògùn oníhóró?

Àwọn ìyá ọlọ́mọ l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí kì í yé béèrè èyí. Ìpara clotrimazole ò wọ́n, kì í sì í da inú rú: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. (Ẹ yàgò fún èyí tí wọ́n po sítẹ́rọ́ìdì mọ́ o! Ó ń dá agbára ìjà ara dúró: yíyún á rọlẹ̀, làpálàpá á máa tàn lábẹ́lẹ̀.)

Griseofulvin oníhóró wọ́n díẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, oúnjẹ ọlọ́ràá ni kí ẹ fi lò ó. Kò yẹ aláboyún. Ṣùgbọ́n ó ń dé ìdí irun, ìpara ò lè débẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọrùn tàbí apá, ìpara tó. Tó bá jẹ́ orí ọmọ, tí irun ń já, oníhóró ni, láti ọwọ́ dókítà.