Bíláìǹdì fèrèsé orí òrùlé: àǹtí tó bá mi gun àkàsọ̀

Kì í ṣe bíláìǹdì náà gan-an ló mú mi jókòó kọ èyí, ìpè fóònù kan ni. Ó gbà tó ogójì ìṣẹ́jú, orí àkàsọ̀ ni mo sì wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀.

Yàrá òkè àjà ni ọmọ mi ń sùn, fèrèsé Velux kan (Velux ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é) sì wà lórí òrùlé níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, ojú ọmọ ni ìmọ́lẹ̀ á kọ́kọ́ bà sí. Mo pe àwọn tó ń ta bíláìǹdì. Ọ̀gbẹ́ni tó gbé fóònù ní kí n fi téèpù wọn gíláàsì. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ṣé gíláàsì nìkan, sà?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wọ̀n ọ́n, mo sanwó.

Ẹrù dé, ó kéré. Bí mo ṣe gbé e sókè, ìmọ́lẹ̀ ń yọ lọ́tùn-ún, ó ń yọ lósì, àlàfo náà gba ìka méjì. Mo pè wọ́n, ọ̀gbẹ́ni yẹn kan náà ló gbé e, ó ní èmi ni mi ò mọ nǹkan wọ̀n. Èmi tí mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì! Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo kọ lẹ́tà, mo tún kọ òmíràn, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò sẹ́ni tó fèsì.

Ìgbà tí mo tún pè ni àǹtí kan gbé e. Kò bi mí ní ìwọ̀n kankan. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi ṣí fèrèsé yẹn ná. Ẹ wo férémù lókè, ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ kékeré kan. Kí ni wọ́n kọ sí i?" Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé ilé yìí, mi ò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Eruku ti bò ó. Mo fi àtàǹpàkò nù ún, lẹ́tà bá yọ: MK04. Ó ní, "Ó tán. Sẹ̀ǹtímítà 78 ní ìbú, 98 ní gíga. Ara férémù lóde ni ìwọ̀n yẹn, kì í ṣe gíláàsì. Ẹni tó ní kí ẹ wọn gíláàsì ló ṣì yín lọ́nà. Ẹ má bínú." Ṣe ni ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, èyí tó tọ́ dé. Àwòrán lásán ló kún inú ìwé tó bá a wá, mo bá tún pe àǹtí. Ó ní kí n má tíì fa aṣọ rẹ̀ jáde, kí n kọ́kọ́ ti ọ̀pá òkè bọ inú ìkọ́ méjì tó wà lára férémù, títí yóò fi dún "kà!" lápá méjèèjì. Ti ọ̀tún dún. Ti òsì kọ̀. "Ẹ má fipá tì í o. Ẹ fi ìka tọ́ inú ìkọ́ yẹn wò." Ọ̀dà gbígbẹ ló wà níbẹ̀, èyí tí akunlé dà sí i. Mo ha á kúrò, mo tún tì í: kà! Àwa méjèèjì la jọ pariwo.

Ó wá kan irin ẹ̀gbẹ́. Òrùlé dà gẹ̀ẹ́rẹ́, aṣọ tí kò bá sí ohun tó dì í mú lọ́tùn-ún lósì á fì kúrò lára gíláàsì ni, ìdí nìyẹn tí kọ́tìnì lásán kò fi ṣeé lò níbẹ̀. Ó ní kí n má de síkúrù le tán títí màá fi fa bíláìǹdì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbà mí, torí irin òsì wọ́ díẹ̀. Nígbà tí mo fà á délẹ̀, yàrá ṣú biribiri lọ́sàn-án gangan. Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́jọ ni ọmọ mi tó jí.

Ooru ló kù. Bíláìǹdì tó wà nínú ilé ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró, àmọ́ oòrùn ti gba inú gíláàsì wọlé kó tó kan aṣọ. Ẹ̀yìn aṣọ náà ń dán bíi fàdákà, ó ń dá díẹ̀ padà lóòótọ́, síbẹ̀ yàrá ṣì ń gbóná bí ààrò lọ́sàn-án. Èyí tí wọ́n ń so síta, tó ń pàdé oòrùn kó tó kan gíláàsì, ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ ooru, wọ́n sì ń tà á! Mo sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ooru ń dà wá láàmú, kò dárúkọ rẹ̀. Ká sòótọ́, àǹtí pàápàá kò dárúkọ rẹ̀. Owó èyí tó kéré tí mo dá padà, ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé, mi ò tíì rí kọ́bọ̀ gbà.

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún wọn, nítorí àǹtí yẹn. Mo ti gba orúkọ rẹ̀ kí n lè kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, ìwé náà sì ti lọ láàárọ̀ yìí.