Counter-Strike 2: ìlú tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀

Ọ̀fẹ́ ni géèmù ìbọn yìí lórí Steam, ilé ìtajà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọ̀fẹ́ yẹn tàn yín jẹ. Àyè 85GB ló ń bèèrè lórí kọ̀ǹpútà. Òru mẹ́ta gbáko ni mo fi fà á sílẹ̀, torí òru ni dátà máa ń ṣe pọ́ọ́kú.

Láti ayé kafé, nígbà tí à ń san owó wákàtí, ni mo ti ń gbá Counter-Strike. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni èyí jáde. Márùn-ún níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún: T ni agbésùnmọ̀mí, CT ni àwọn tó ń gbógun tì wọ́n. Bí T bá ti ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kù. Ọwọ́ lásán, ìṣẹ́jú àáyá 10 lo máa fi tú u. Bí o bá ti fi dọ́là 400 inú géèmù ra irinṣẹ́, 5 péré ni. Ọ̀rẹ́ mi kan kì í rà á láéláé. Ìbọn ńlá ló máa ń kówó lé. Àìmọye ìgbà ni bọ́ǹbù ti bú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èéfín tí à ń jù láti fi bo ojú ọ̀tá ni mo fẹ́ yìn jù. Ó ń kún yàrá bí èéfín igi tútù ṣe ń kún ilé ìdáná, á sì gba ojú fèrèsé yọ. Ju bọ́ǹbù ọwọ́ sínú ẹ̀, á lanu fírí, wàá rí ẹni tó lúgọ síbẹ̀, á tún padé. Ẹ má sì gbá a láìfi íáfóònù sétí o; ìró ẹsẹ̀ la fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀.

Bọ̀dá Múfú, àbúrò bàbá mi, ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń tú bọ́ǹbù. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó jókòó tì mí, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí bọ́ǹbù ní Dust II, ọ̀kan lára àwọn ìlú inú géèmù náà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

"Wálé, àwọn ará àdúgbò dà?"

"Kò sí ará àdúgbò níbẹ̀, bọ̀dá."

"Kí lo wá ń kú lọ síbẹ̀ fún? Fi í sílẹ̀ kó bú!"

Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àwọn ni ká ta okùn, ká máa pariwo, ká máa lé ìyá tó fẹ́ padà lọ gbé igbá tòmátì ẹ̀. Kò sí ìyá yẹn nínú géèmù yìí. Ní Office, ibòmíì nínú géèmù náà tí àwọn tí wọ́n jí gbé wà, bí o bá yìnbọn lu ọ̀kan, owó ni wọ́n máa yọ lápò ẹ. Ìyẹn bí mi nínú.

Mo sọ fún un pé àwọn ìwé àṣírí tí Edward Snowden, tó ti bá NSA ṣiṣẹ́ rí, tú síta fi hàn lọ́dún 2013 pé àwọn iléeṣẹ́ amí, NSA ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti GCHQ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rán òṣìṣẹ́ wọnú àwọn ayé géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi World of Warcraft àti Second Life, kí wọ́n máa wá agbésùnmọ̀mí níbẹ̀. Ẹ̀pà fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun.

"Wọ́n sì ń gbowó oṣù?"

Ó ti ń wá ní gbogbo Sátidé báyìí. Kí n tó jókòó dáadáa ló ti máa bèèrè: "Ṣé o ti ra irinṣẹ́ yẹn?"